Pípààrọ̀ ojú ọmọlangidi àkójọ: ohun tí a lè fi dì í mú tí kò ní ba orí rẹ̀ jẹ́

Àbíkẹ́_Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọmọlangidi olóríkèé kan tí wọ́n fi résìnì (irú ike líle kan) ṣe, tí gígùn rẹ̀ tó 60 sẹ̀ǹtímítà, lọ́wọ́ ẹni tó ti lò ó díẹ̀. Ojú búlúù tí wọ́n fi àkìrílíìkì ṣe ló bá a wá, ṣùgbọ́n ojú gíláàsì aláwọ̀ búráùn ni mo fẹ́ fi sí i kí ó lè jọ ọmọ tiwa. Nígbà tí mo ṣí ìdérí orí rẹ̀, mo rí i pé nǹkan funfun kan tó ti gan ni wọ́n fi lẹ ojú náà mọ́ inú orí, ojú ọ̀tún sì ń wo òkè nígbà tí ti òsì ń wo iwájú. Mo fẹ́ béèrè bí mo ṣe máa mọ ìwọ̀n ojú tí mo máa rà, àti ohun tí mo máa fi dì í mú tí kò fi ní já bọ́ sínú orí nínú ooru Ìbàdàn yìí. Ẹnì kan ní kí n lo súpà gúlúù tí àwọn aránbàtà ń lò. Ṣé ó dára bẹ́ẹ̀?

Màmá_Tólú

Àbíkẹ́ ọmọ mi, o kú oríire ọmọlangidi tuntun. Kí o tó ṣe ohunkóhun, gbé súpà gúlúù yẹn kúrò lórí tábìlì. Kì í ṣe pé kò ní mú, yóò mú jù ni. Bó ṣe ń gan ni èéfín ń jáde lára rẹ̀, èéfín yìí sì máa ń bà lé ohun dídán tó bá wà nítòsí, yóò sì fi eruku funfun tí kì í ṣeé nù bọ̀rọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Èéfín kan náà yìí ni àwọn ọlọ́pàá tó ń ṣèwádìí fi ń mú kí àmì ìka ọ̀daràn hàn lára ike àti gíláàsì. Nínú orí kékeré tí afẹ́fẹ́ kò ti ráyè jáde, ojú tuntun tí o fowó rà ni yóò kọ́kọ́ bà lé. Bí ojú náà bá sì wọ́ díẹ̀ nígbà tí gúlúù gan, kò sí bí o ṣe máa tún un tò tí kò fi ní jẹ́ pé ojú fọ́ tàbí ẹnu ihò ojú ṣá. Ìlànà tí àwa tí a ti pẹ́ nídìí àkójọ ń tẹ̀lé ni pé ohunkóhun tó bá di ojú mú gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè yọ láìsí òòlù.

Ní ti ìwọ̀n, má fi gígùn ara nìkan ra ojú. Nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sára páálí, bíi 14 tàbí 16 mílímítà, ni fífẹ̀ gbogbo ẹyinjú láti etí kan dé ìkejì, kì í ṣe fífẹ̀ ibi tó ní àwọ̀ nìkan. Ọmọlangidi olóríkèé tó tó 60 sẹ̀ǹtímítà sábà máa ń gba ojú 14 sí 18 mílímítà, àwọn tó tó 40 sẹ̀ǹtímítà sì sábà máa ń gba 12 sí 16, ṣùgbọ́n bí ẹni tó gbẹ́ ojú náà bá gbẹ́ ẹ bíi ti ẹni tí oorun ń kùn, orí ńlá náà lè má gbà ju ojú kékeré lọ. Bí ilé iṣẹ́ tó ṣe é bá kọ ìwọ̀n sílẹ̀, tiwọn ni kí o kọ́kọ́ tẹ̀lé. Bí o kò bá rí i, da orí délẹ̀ kí o wọn ihò náà láti inú, níbi tí ẹyinjú máa jókòó sí, nítorí pé láti iwájú, ìpéǹpéjú ti bo apá kan rẹ̀. Ojú tó kéré jù máa ń fi àlàfo sílẹ̀ ní igun, ìyẹn rọrùn láti rí. Èyí tí ọ̀pọ̀ kì í fura sí ni pé ojú tó tóbi jù náà ń fi àlàfo sílẹ̀: kò ráyè wọ inú ihò, ó dúró sẹ́yìn, òjìji dúdú sì máa ń hàn láàárín òun àti ìpéǹpéjú. Gbé orí náà sókè sí iná láìdé e, kí o wò ó láti iwájú. Bí ìmọ́lẹ̀ bá gba etí ojú kọjá, ìwọ̀n yẹn kò bá a mu.

Fẹ́mi_Résìnì

Mo gbà pẹ̀lú Màmá pátápátá. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ojú gíláàsì fúnra rẹ̀ kún un, nítorí pé ibẹ̀ ni owó sábà máa ń ṣègbé sí.

Irú orí tó ṣeé ṣí lẹ́yìn yìí gbajúmọ̀ láti ọdún 1999, nígbà tí ilé iṣẹ́ Volks ní Jàpáánù gbé Super Dollfie jáde, wọ́n sì ṣe é kí ẹni tó ni ín lè máa pààrọ̀ irun àti ojú fúnra rẹ̀. Ìdí nìyí tí ojú tí wọ́n ń tà fún wọn fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àkìrílíìkì kò gbówó lórí, kì í sì tètè fọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń há lára, ó sì lè sán wẹ́wẹ́ bí a bá fi ọtí apakòkòrò nù ún. Ti sìlíkóònù rọ̀, nítorí náà ó máa ń gbà fún ihò tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò rí bọ̀rọ̀kọ̀tọ̀ dáadáa, àmọ́ eruku fẹ́ràn rẹ̀ jù. Gíláàsì ló ń dán bí ojú ènìyàn, ìjìnlẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ kò sì ní àfiwé. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á ni bóyá ó ní ìdí gígùn lẹ́yìn, níbi tí ẹni tó fẹ́ ẹ ti gé e kúrò lára ọ̀pá gíláàsì. Bí ìdí yẹn bá gùn jù, ìdérí orí kò ní padé, bí ẹ bá sì fi agbára pa á dé, ìdérí yóò ti ojú síwájú. Ẹ má ṣe gé e nílé. Ẹ ra èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ pẹlẹbẹ.

Ní ti nǹkan funfun tó ti gan yẹn, Àbíkẹ́, ẹ kọ́kọ́ fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá rọ̀ díẹ̀ bíi rọ́bà, gúlúù gbígbóná tí wọ́n ń fi ìbọn rẹ̀ yọ́ ni, ẹ fi òwú tí ẹ ti rẹ sínú ọtí apakòkòrò kan etí rẹ̀, yóò sì ṣí kúrò lára résìnì fúnra rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ gúlúù funfun tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni yóò mú un rọ̀. Ẹ ṣọ́ra kí ọtí náà má ṣàn dé iwájú o, nítorí pé yóò ṣí ọ̀dà tí wọ́n fi ya ètè àti ojú rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń nu èékánná, èyí tó ní asitóònù nínú, kò gbọ́dọ̀ súnmọ́ ọn rárá, nítorí pé ó ń jẹ àkìrílíìkì, ó sì ń ba ara résìnì jẹ́.

Bàbá_Atúnṣe

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ ooru ni mo fẹ́ dáhùn, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tí a ń kà jẹ́ ti àwọn tí yàrá wọn tutù. Pọ́tì rírọ̀ tí àwọn ènìyàn fi ń lẹ bébà mọ́ ògiri wà lára ohun tí wọ́n sábà máa ń júwe. Ó di ojú mú lóòótọ́, àmọ́ òróró wà nínú rẹ̀, bí ooru bá sì mú, òróró náà máa ń jáde, yóò wọ inú résìnì, yóò sì fi àmì sílẹ̀. Ìda oyin náà máa ń rọ̀ nígbà ooru. Èyí tí mo fara mọ́ jù fún ọmọlangidi résìnì ní ilẹ̀ wa ni sìlíkóònù rírọ̀ tí àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ fi ń dí etí, tí wọ́n ń tà ní ilé ìtajà oògùn. Kì í yọ́ nínú ooru, kì í gan, ó sì ṣeé yọ nígbàkigbà. Ẹ má ṣe dàpọ̀ mọ́ ti fóòmù o. Èyí tó ṣeé mọ bí amọ̀ ni mò ń sọ.

Bí a ṣe ń lò ó nìyí. Ẹ kọ́kọ́ fi omi àti ọṣẹ díẹ̀ fọ inú ihò ojú, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ, nítorí pé lára ibi tó ní ọ̀rá ni ohun tí a fi lẹ ojú ti sábà máa ń ṣí. Ẹ yí sìlíkóònù náà ní àtẹ́lẹwọ́ títí yóò fi tín-ín-rín bí òwú fìtílà, kí ẹ wé e mọ́ etí ẹyinjú níbi tó súnmọ́ ẹ̀yìn, kì í ṣe níwájú. Ẹ gbé ojú náà sí ihò láti inú, kí ẹ fi àtàǹpàkò méjèèjì tì í síwájú títí yóò fi kan ìpéǹpéjú. Nígbà náà ni ẹ máa mú òmíràn, kí ẹ fi yí ibi tí ojú ti pàdé ara orí ká láti ẹ̀yìn, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ résìnì. Sìlíkóònù kejì tó yí ojú ká yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbójú fò, òun gan-an ló sì ń dènà ìjàǹbá nígbà tí a bá gbé ọmọlangidi rìn. Bí sìlíkóònù bá yọ sí iwájú, ẹ fi igi ìtayín gbé e kúrò, ẹ má fi abẹ́rẹ́ ṣe é.

Nípa gúlúù gbígbóná, mo mọ̀ pé àwọn kan kò ní gbà fún mi. Ìbọn rẹ̀ tó rọlẹ̀ jù ń yọ́ gúlúù ní ìwọ̀n 120 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ̀sì, àkìrílíìkì sì ti ń rọ̀ nígbà tí ooru bá ju 100 lọ díẹ̀. Gíláàsì tó tutù náà lè sán bí ooru bá dé bá a lójijì. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó tutù díẹ̀ lórí igi kan kó tó gbé e kan ojú.

Fẹ́mi_Résìnì

Bàbá, ọ̀rọ̀ yín kì í ṣubú, àmọ́ fún ọmọlangidi tí a ń gbé lọ síbi ìpàdé àwọn alákójọ, èmi ṣì ń lo gúlúù gbígbóná ní kóńkó méjì péré, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, lórí sìlíkóònù tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kì í ṣe lórí ojú gan-an. Mo sì ti sọ bó ṣe ń ṣí.

Màmá_Tólú

Kó má di àríyànjiyàn. Ohun tó ṣòro jù kò tíì débẹ̀, ìyẹn ni bí ojú méjèèjì ṣe máa wo ibì kan náà. Ẹ tan iná kan ṣoṣo, kí ẹ gbé e síwájú orí ní ọ̀gangan imú. Ìmọ́lẹ̀ funfun kan yóò hàn lára ojú kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa yí ojú náà díẹ̀díẹ̀ títí ìmọ́lẹ̀ méjèèjì yóò fi wà ní ibì kan náà sí ọmọlójú. Lẹ́yìn náà, ẹ fi fóònù ya àwòrán rẹ̀, nítorí pé àwòrán máa ń fi ojú tó wọ́ hàn ju bí a ṣe ń rí i lójúkorojú lọ. Ìrírí tèmi ni pé ojú tó wo iwájú ṣánṣán máa ń jọ ti ẹni tí ẹ̀rù bà. Bí ẹ bá yí méjèèjì díẹ̀ sí apá kan, kí ìpéǹpéjú òkè sì bo orí ibi tó ní àwọ̀ díẹ̀, ara rẹ̀ yóò balẹ̀.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_Manchester

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé gbogbo èyí bá ọmọlangidi ìkókó tí wọ́n fi fáìnílì, ike rírọ̀ yẹn, ṣe mu? Orí tèmi kò ní ìdérí lẹ́yìn. Mo tún ní ọmọlangidi àtijọ́ kan láti Jámánì, nọ́ńbà 390 àti lẹ́tà A àti M wà lẹ́yìn ọrùn rẹ̀. Ojú rẹ̀ tó máa ń ṣí tó sì máa ń pa dé ti já sínú orí, ó sì ń dún nígbà tí mo bá gbé e.

Ìyá_Ìkókó

Fáìnílì ní ọgbọ́n tirẹ̀, arákùnrin. Kò nílò pọ́tì, ihò ojú fúnra rẹ̀ ló ń di ojú mú. Ẹ yọ orí kúrò lára, kí ẹ fi dráyà irun gbóná ihò ojú láti ìta àti láti inú ọrùn, títí fáìnílì yóò fi rọ̀ débi pé ó ń tẹ̀ lábẹ́ ìka. Ẹ kì í lo iná sítóòfù o. Àwọn kan ń lo omi gbígbóná, ṣùgbọ́n omi tó bá kù sínú orí ń fa èébu, bí ojú bá sì ní irin nínú, yóò dípẹtà, nítorí náà dráyà ni mo fẹ́ràn. Bí ó bá ti rọ̀, ẹ ti ojú tí ẹ̀yìn rẹ̀ pẹlẹbẹ wọlé láti inú, kí ẹ fi ìka iwájú darí rẹ̀ títí ìpéǹpéjú òkè yóò fi bò ó bó ṣe yẹ. Bí fáìnílì bá ń tutù, yóò sún kì, yóò sì gbá ojú mú. Ojú 20 tàbí 22 mílímítà ni ọ̀pọ̀ orí ìkókó bẹ́ẹ̀ ń gbà, ṣùgbọ́n ìwé tó bá orí wá ni kí ẹ gbọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ kun orí náà ní ọ̀dà tí wọ́n ń yan nínú ààrò, ẹ parí ọ̀dà kí ẹ tó fi ojú sí i. Ooru nǹkan bíi 130 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ̀sì ni ọ̀dà yẹn ń fẹ́, àkìrílíìkì kò sì lè fara dà á. Lẹ́yìn tí ojú bá ti wọlé, ẹ lè fi gúlúù tó ṣeé yọ yí ẹ̀yìn rẹ̀ ká kí ọmọdé má baà tì í wọlé. Ẹ rántí pé òróró tó mú kí fáìnílì rọ̀ kì í dúró lójú kan. Bí ẹ bá di orí náà pamọ́ sínú ike olówó pọ́ọ́kú, yóò lẹ̀ mọ́ ọn, yóò sì jẹ ẹ́. Aṣọ òwú funfun ni kí ẹ fi wé e.

Bàbá_Atúnṣe

Ọmọ Ẹ̀gbá, ẹ má ṣe mi orí yẹn mọ́! Iṣẹ́ Armand Marseille láti ẹkùn Thuringia ni, ọ̀kan lára àwọn orí àtijọ́ tó wọ́pọ̀ jù ni 390, ṣùgbọ́n gíláàsì inú rẹ̀ kò ní rọ́pò bọ̀rọ̀. Ní agbègbè kan náà ni ìlú Lauscha wà, níbi tí àwọn afẹ́gíláàsì ti ń fi ẹnu fẹ́ ojú ọmọlangidi, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti wá di olókìkí nínú ṣíṣe ojú àtọwọ́dá fún ènìyàn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Bí ojú méjèèjì bá ṣì wà ní odindi, ẹ tún un tò, ẹ má ra tuntun. Ojú tó bá a wá láti ìbẹ̀rẹ̀ wà lára ohun tí olùrà ń sanwó fún.

Ẹ tẹ́ aṣọ ìnura nípọn, kí ẹ da ojú rẹ̀ délẹ̀, kí ẹ yọ irun àti ìdérí páálí tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ máa rí i pé irin kan ló so ojú méjèèjì pọ̀, òjé sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun wíwúwo tó ń mú kí ó ṣí nígbà tí ọmọlangidi bá dìde. Òjé yìí jẹ́ májèlé, nítorí náà ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má jẹun nídìí rẹ̀, kí ẹ sì fọwọ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Etí irin náà lápá méjèèjì ló máa ń jókòó sínú POP ní ẹ̀bátí orí, irú POP tí wọ́n fi ń ṣe àjà ilé nìyẹn. Èyí tó gbó ni ó ti já. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ ìyókù, kí ẹ fi igi gé e díẹ̀díẹ̀. Kí ẹ tó po tuntun, ẹ fi vaseline kun etí irin kí POP má baà lẹ̀ mọ́ ọn, kí ojú lè máa yí. Kóńkó kékeré ní apá kọ̀ọ̀kan ti tó. Ẹ má kún orí, nítorí pé POP ń gbóná, ó sì ń fẹ̀ díẹ̀ nígbà tó ń gan, ẹnu ihò ojú irú orí bẹ́ẹ̀ sì tín-ín-rín gan-an. Ẹ wò ó bóyá èèpo igi fífúyẹ́ tí wọ́n ń pè ní kọ́ọ̀kì tàbí fóòmù ṣì wà nínú àgbọ̀n rẹ̀ níbi tí òjé ń kàn. Bí kò bá sí, ẹ fi tuntun síbẹ̀, òun ló ń gba kíkàn òjé kí àgbọ̀n má baà sán. Ìda ni wọ́n fi kun ìpéǹpéjú gíláàsì wọ̀nyẹn, nítorí náà dráyà kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀.

Bí ẹ bá ti tún un ṣe tán, ẹ máa dà á dojú délẹ̀ nígbàkigbà tí ẹ bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òjé kò ní máa fà á.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_Manchester

Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀. Mi ò ní fọwọ́ kàn án títí màá fi ra ìbọ̀wọ́.

Títí_Blythe

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ọmọlangidi tí wọ́n ń pè ní Blythe kún un, nítorí pé òun kì í gba ojú tó rí bọ̀rọ̀kọ̀tọ̀. Ilé iṣẹ́ Kenner ló kọ́kọ́ tà á ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1972, ilé iṣẹ́ Takara sì gbé e padà ní Jàpáánù lọ́dún 2001. Okùn ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ń fà kí àwọ̀ ojú yí padà, àwọ̀ mẹ́rin sì ni. Ohun tí a ń pààrọ̀ ni àwo kékeré aláwọ̀ tó wà lójú ẹ̀rọ tó ń yí ojú nínú orí rẹ̀. Ẹ kan kóńkó gúlúù gbígbóná mọ́ orí ọ̀pá gúlúù, ẹ gbé e lé àwo náà, kí ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ sì fà á. Bí ẹ bá ń dá tuntun padà, gúlúù funfun díẹ̀ ni, kí ó lè tún jáde lọ́jọ́ mìíràn.

Àbíkẹ́_Ìbàdàn

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ọtí ti ṣí gúlúù náà, ojú gíláàsì 16 sì ti wọlé, ṣùgbọ́n ẹnu ihò òsì ní òkè gígún kan nínú tí kò jẹ́ kí ojú súnmọ́ ìpéǹpéjú. Ṣé mo lè fi sáńpépà gé e? Mo sì fẹ́ fi í ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi l'Ékòó láti ya fọ́tò.

Màmá_Tólú

O lè gé e, ọmọ mi, ṣùgbọ́n láti inú nìkan. Rẹ sáńpépà náà sínú omi, má fi gbígbẹ ṣe é, kí o bo imú àti ẹnu rẹ, nítorí pé eruku résìnì kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Máa dá ojú padà wò láàárín, má sì dé ìpéǹpéjú fúnra rẹ̀. Ní ti ránṣẹ́ sí Èkó, yọ ojú gíláàsì náà kúrò, wé ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú òwú, kí o sì fi wọ́n sínú ike kékeré tó ní ìdérí lọ́tọ̀. Kọ òsì àti ọ̀tún sára wọn. Fi bébà rírọ̀ dí inú orí kí o tó dé e, nítorí pé òòfà tó di ìdérí mú lè ṣí lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó yẹn. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ tún un tò pẹ̀lú sìlíkóònù tuntun, má fi èyí tó ti kó eruku ránṣẹ́.